Mo Di Ọmọ Mi Lórí Fóònù Torí Sikọ́láṣíìpù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Bí ẹ bá sì fẹ́ bú mi lẹ́yìn náà, ẹ tò sẹ́yìn ọkọ mi, torí òun ló kọ́kọ́ gba iwájú.

Alágbàfọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju yàrá méjì lọ: ẹ̀rọ ìfọṣọ àti tábìlì áyọ́ọ̀nù wà níwájú, okùn tí a ń sá aṣọ sí wà lẹ́yìn. Akunlé ni ọkọ mi. Ó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ìyàwó mi ń gbowó láti yọ àbàwọ́n, èmi ń gbowó láti fi í sára ògiri."

Ọlọ́run ò fún mi ní gíga, kò sì fún mi lówó, ṣùgbọ́n ó fún mi lóhùn. Mo ti lé dáadáa ní ogójì ọdún, síbẹ̀ bí mo bá gbé fóònù, ohùn ọmọge ló ń jáde. Oníbàárà tí kò bá tíì rí mi rí á ní, "Ọmọ dáadáa, gbé fóònù fún mọ́mì ẹ." Màá ní, "Ẹ dúró díẹ̀, sà." Màá gbé fóònù sílẹ̀, màá lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, màá tún gbé e, màá wá mú ohùn nípọn bí ìyá àgbà: "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Eré ni mo fi ń ṣe. Eré yẹn náà ló padà sọ mí di ẹni tó kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí mo dàgbà jù.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin ni, òdìkejì mi pátápátá sì ni. Adákẹ́ là ń pè é nílé. Bí o bá bi í pé, "Báwo ni ilé ìwé?" á ní, "Ó wà níbẹ̀." Bí àlejò bá ní, "Ọmọ yìí ti dàgbà o," á wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún òun, á sì wọ yàrá lọ.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ ìṣirò dé! Nígbà tí èsì ìdánwò àṣejáde rẹ̀ jáde, ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láìmú aṣọ kankan lọ́wọ́. Ó kàn wá bọ̀ mí lọ́wọ́ ni, ó sì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ń jẹun lọ́wọ́, Adákẹ́ la ẹnu. Àwa méjèèjì gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni ni mo fẹ́ lọ."

Ọkọ mi ní, "Aládàáni? Tí èmi tí mò ń kun ilé àwọn tó ni ín ò tíì lè gba yàrá kan níbẹ̀?"

"Dádì, iye tí wọ́n kọ síta kọ́ ni iye tí gbogbo èèyàn ń san."

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni ń wá ọmọ tí máàkì rẹ̀ ga lójú méjèèjì, torí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń gbé orúkọ wọn ròkè. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á yọ lára owó ilé ìwé fún un: àwọn kan á yọ ìdá kan nínú mẹ́rin, àwọn kan á yọ ìdajì, àwọn míì á ní kó má san kọ́bọ̀. Ó ní kì í ṣe àánú, ẹ̀bùn ẹni tó mọ̀wé ni. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kéde rẹ̀, àfi kéèyàn lọ wú u jáde fúnra rẹ̀, kó kọ̀wé, kó béèrè. Òun ti wú u. Ó ti ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, ó sì ti kọ̀wé sí mẹ́rin.

Ọkọ mi ṣì ń ronú, ṣùgbọ́n ó ti yé èmi. Mo ní, "Ilé ìtura tó ń kó gbogbo kọ́tìnì rẹ̀ wá fún mi, ṣé iye tí mo ń gbà lórí ṣẹ́ẹ̀tì kan ni mo ń gbà lọ́wọ́ wọn? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọmọ wa ni kọ́tìnì."

Adákẹ́ ní, "Ó sún mọ́ ọn."

Èyí tó wù ú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó wà lórí òkè, níbi tí wọ́n ti ń yọ gbogbo owó. Àmọ́ ní tiwọn, máàkì kàn ń gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ni. Obìnrin kan tó ń bójú tó sikọ́láṣíìpù á máa pe ọmọ náà lórí fóònù nígbà mélòó kan, láti mọ irú ẹni tó jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Irú ẹni tí ọmọ mi jẹ́? Èmi tí mo bí i, mi ò tíì mọ̀ ọ́n tán.

Fóònù Adákẹ́ ti jábọ́ sínú omi ọṣẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò sì jí mọ́, torí náà nọ́ńbà mi ló fún wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì míì ló kọ́kọ́ pè. Mo gbé fóònù fún un, mo dúró tì í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Rárá, mà. Ó ṣeé ṣe, mà. Ẹ ṣeun, mà."

Ó tán. Omi tí mo gbé kaná ò tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo ní, "Kí ni wọ́n bi ẹ́?"

"Ọ̀pọ̀ nǹkan."

Wọn ò pè mọ́. Lọ́kàn mi, mo ti ka kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn kún òkú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń lọ aṣọ, fóònù dún. Ohùn obìnrin kan tó mọ́ gaara ní òun ń pè láti kọ́lẹ́ẹ̀jì orí òkè.

Mo ní, "Ẹ káàsán, mà." Ohun tó wà lẹ́nu mi kàn ni pé, "Ìyá rẹ̀ nìyí, ẹ jẹ́ kí n pè é."

Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti já ọ̀rọ̀ gbà: "Áà, ọmọ wa! Ìwọ nìyẹn? Ohùn ẹ ti dùn jù!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ mi, èéfín gbígbóná ń rú jáde lára rẹ̀. Mo rí i lójú ọkàn mi: Adákẹ́ ń sọ pé, "Ó wà níbẹ̀, mà," obìnrin yìí ń gbé fóònù sílẹ̀, owó ilé ìwé sì ń padà sọ́rùn wa. Mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

Mo ní, "Èmi ni, mà."

Ó ní, "Yàtọ̀ sí ìwé, kí lo máa ń ṣe?"

Mo ní mò ń kọrin. Irọ́. Mo ní èmi ni olórí ẹgbẹ́ oníjiyàn ilé ìwé wa. Irọ́ tó níwo. Mo ní mò ń ran ìyá mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ, pé obìnrin náà le ṣùgbọ́n ó rẹwà. Ìyẹn nìkan ni òtítọ́ ibẹ̀.

Obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ́rìn-ín títí. Ó wá ní, "Kí lo fẹ́ fi ayé ẹ ṣe?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé, "Ìgbà wo ni aṣọ mi á gbẹ?"

Ọ̀rọ̀ kan ti ibi tí mi ò mọ̀ nínú mi jáde. Mo ní, "Agbẹjọ́rò, mà."

"Agbẹjọ́rò kẹ̀? Ìṣirò lo yàn lọ́dọ̀ wa."

"Ṣé àwọn agbẹjọ́rò kì í ka owó ni, mà?"

Ẹ̀rín pa á. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wá gbọ́ ọmọ yìí."

Ibi tí mo ti kú nìyẹn.

Ó pè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó tún pè. Mi ò sọ fún Adákẹ́. Mo ń tan ara mi pé màá sọ fún un bó bá yá, bí ìgbà tí èèyàn ń sún aṣọ tí àbàwọ́n rẹ̀ le síwájú. Kí n tó mọ̀, mo ti ń retí ìpè náà. Mo ń tọ́ ètè, mo ń fi yẹtí sí etí tí mo fi ń gbé fóònù, àfi bí ẹni pé ó ń rí mi. Mo sọ ìtàn ọ̀gá báńkì kan tó gbàgbé eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sínú àpò kóòtù tó kó wá fún wa fọ̀, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín débi pé ó ní òun á pè mí padà, omi ti ń bọ́ lójú òun. Láti ọjọ́ náà, Aláwàdà ló ń pè mí.

Ọjọ́ kan, ọkọ mi wá wá àkísà tó máa fi nu ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wà lẹ́yìn, láàárín àwọn aṣọ ìtẹ́sùn tí mo sá. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun gbọ́ ohùn mi.

"Hẹn-ẹn, mi ò tíì pé méjìdínlógún… Ẹ má bínú pé mi ò gbé e lẹ́ẹ̀kan, mò ń wẹ̀ ni… Èmi náà ń retí ìpè yín, ẹ ò lè mọ̀ bó ṣe ń ṣe mí."

Ọ̀pá ìkunlé kan gba àárín aṣọ ìtẹ́sùn wọlé, ó sì yà á sí méjì. Ojú ọkọ mi funfun ju aṣọ náà lọ.

"Ìyá Adákẹ́. Ta lò ń purọ́ ọjọ́ orí fún?"

Mo gé fóònù. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Kò tíì pé méjìdínlógún! Ìwọ! Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn àtijọ́! Ta ni ọkùnrin náà?"

"Kì í ṣe ọkùnrin. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni."

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó lórí garawa ọ̀dà rẹ̀, ó fọwọ́ lérán, ó ní, "Ì bá sàn kó jẹ́ ọkùnrin. Ọkùnrin, mo lè bá a jà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá kọ́lẹ́ẹ̀jì jà?" Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ dákẹ́.

"Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó wá ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá rí i, máàkì rẹ̀ á sọ̀rọ̀."

"Máàkì ò lóhùn. Ìwọ lo lóhùn. Lọ sọ fún ọmọ náà kó tó di pé ẹlòmíì sọ fún un."

"Màá sọ."

Mi ò sọ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Adákẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí kì í fi han ẹnikẹ́ni, ó sì lọ ṣa aṣọ tó máa wọ̀. Mi ò ní ọkàn láti ba ẹ̀rín yẹn jẹ́.

Nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbìyànjú láti tún un ṣe.

Mo ní, "Bí wọ́n bá ní kí o kọrin ńkọ́?"

"Fún ìṣirò?"

"Ó lè ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá sì bi ẹ́ nípa ẹgbẹ́ oníjiyàn, má sọ pé o ò mọ̀ wọ́n."

Adákẹ́ yí ojú sí mi. "Mọ́mì, kí lẹ ṣe?"

"Èmi kẹ̀? Kí ni mo ṣe? Bàbá Adákẹ́, ẹ ò gbọ́ ìbéèrè ọmọ yín?"

Ọkọ mi ń wo ìta láti ojú fèrèsé bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí.

Ilẹ̀ yàrá ìdúródè wọn ń dán débi pé mo fún yẹ̀rì mi mọ́ra, kó má bàa hàn nísàlẹ̀. Ọkọ mi fi ìka ra ògiri, ó ní, "Wọn ò kùn ún ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ." Kí n tó dá a lóhùn, ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin kan jáde. Gíláàsì wà lójú rẹ̀. Bí mo ṣe rí i ni ojú tì mí: mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Òun ló ń pè mí ní "ọmọ wa" látọjọ́ yìí.

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí Adákẹ́. "Ọ̀rẹ́ mi! Aláwàdà!"

Adákẹ́ wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí wọ́n ń kí.

Obìnrin náà yí sí mi. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ."

Mo la ẹnu. Mo rántí ohùn mi. Mo pa ẹnu dé, mo wá ń tọ́ka sí ọ̀fun.

Ọkọ mi ní, "Ẹ má bínú, mà. Ohùn rẹ̀ ti lọ. Ó lò ó jù láìpẹ́ yìí."

Mo já a léèékánná láti ẹ̀yìn.

Wọ́n mú wa wọlé. Wọ́n fún àwa òbí ní àga sẹ́yìn. Ní ẹ̀gbẹ́ obìnrin náà, olùkọ́ ìṣirò kan tó ti dàgbà jókòó, ẹfun kún apá kóòtù rẹ̀, tíì sì ti kán sára táì rẹ̀ láti bí oṣù kan. Ojú alágbàfọ̀ kì í sinmi.

Obìnrin náà dún bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ tirẹ̀ han àlejò. Ó ní, "Ṣé ẹ rántí ọmọ tí mo ń sọ fún yín? Òun nìyí. Ọ̀rẹ́ mi, sọ ìtàn eyín yẹn fún wọn."

Adákẹ́ ní, "Eyín wo, mà?"

"Èyí tó wà nínú àpò kóòtù! Tí o sọ fún mi lórí fóònù!"

Ọmọ mi yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, ó wò mí. Gbogbo rẹ̀ yé e lójú ẹsẹ̀. Ó ṣáà mọ ìṣirò. Ó lè tú mi fó níbẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọjú síwájú, ó gbìyànjú láti bò mí láṣìírí.

"Kóòtù kan wá. Eyín wà nínú àpò rẹ̀. A fọ̀ ọ́." Ó ronú. "Ó mọ́."

Olùkọ́ ìṣirò ní, "Ó tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtàn tó pa odidi obìnrin lẹ́rìn-ín di ẹkún! Ìtàn mi! Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Rárá o! Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀! Ẹ̀rọ ń yí lọ, mo kàn ń gbọ́ kàù-kàù-kàù, mo ní ta ló da òkúta sáàárín aṣọ mi? Mo ṣí i, eyín ń bẹ lórí kóòtù, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi! Kò pẹ́ ni ọ̀gá báńkì wọlé, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu báyìí, oníbàárà kún inú ṣọ́ọ̀bù, ojú ń tì í láti sọ ohun tó wá mú. Ó sọ̀rọ̀ láìléyín, ó ní, 'Ẹ họ́, mo wá mú hóòtù mi.' Mo ní, 'Ṣé ẹ fẹ́ ẹ pẹ̀lú ohun tó wà nínú ẹ̀, sà?' Ó ní, 'Ẹ hẹ̀ hẹ́, ẹ rọra!'"

Mo ti bo ẹnu mi, mo ti tẹ ẹ̀yìn bíi ti ọ̀gá báńkì. Olùkọ́ ìṣirò ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu tábìlì. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì ti dìde. Gíláàsì ti bọ́ lójú rẹ̀.

Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ohùn yẹn."

Mo wólẹ̀ sórí orúnkún mi méjèèjì. "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni. Ọmọ náà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká jáde."

Ó ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ. Ìgbà yẹn ni Adákẹ́ sọ̀rọ̀.

"Mà, mi ò kọrin. Mi ò sí nínú ẹgbẹ́ oníjiyàn. Mi ò lè ṣàwàdà. Bí ẹ bá fẹ́ yọ mí, ẹ yọ mí, ohun tí mọ́mì mi ṣe ò dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ fẹ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́ kí ẹ tó pinnu. Ẹ ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Èmi nìyí."

Olùkọ́ ìṣirò nu ojú rẹ̀, ó gbé ẹfun kan, ó nà án sí i. Ó ní, "Wá síbi pátákó."

Obìnrin náà mú mi lọ sí ọ̀nà àbákọjá, ó pa ilẹ̀kùn dé. Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù.

Ó ní, "Ẹ ti tó ọmọ ọdún mélòó, mà?"

Mo sọ fún un.

"Mo ti ń sọ fún gbogbo ọ́fíìsì nípa ọmọbìnrin kan. Mo bá àwọn ọ̀gá mi jiyàn nítorí rẹ̀. Ẹni tí kò sí láyé ni mò ń jà fún." Ó mí kanlẹ̀. "Àyè kan ṣoṣo ló kù. Ọmọkùnrin kan wà tí máàkì tirẹ̀ náà ga. Mo ti fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí mo ní Aláwàdà mi ló yẹ. Ṣé ẹ rí i, mà? Ohùn yín ti ta ọmọ ọlọ́mọ nù."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju àbẹ́rẹ́ lọ. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń tọ́ ètè, mi ò ronú lẹ́ẹ̀kan pé ẹlòmíì náà bímọ.

Mo ní, "Ẹ bá mi pe ọmọ náà padà, mà."

"Lónìí ni màá pè é. Ìgbìmọ̀ ló máa yẹ òun àti ọmọ yín wò, láìsí èmi níbẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí nǹkan kan fún yín."

Ìgbà yẹn ni a gbọ́ ohùn kan láti inú yàrá. Ó ń yára, ó ń ga. "Rárá, sà! Bí a bá gbà á láti ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ wò ó, ẹ wò ó, gbogbo èyí á gé ara wọn dànù!" Ẹ̀rín tẹ̀ lé e, ẹ̀rín ọmọbìnrin, tó tú jáde bí omi ẹ̀rọ.

Èmi àti obìnrin náà ti fara mọ́ ilẹ̀kùn kí a tó mọ̀.

Ó ní, "Ṣé bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nílé nìyẹn?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà."

Òótọ́ ni. Ọmọ tí mo fi ọmú mi bọ́, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ yẹn, ilẹ̀kùn sì wà láàárín wa.

A padà sílé. Àmọ́ ẹ gbọ́ wàhálà mi: bí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ bá ń bínú, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀?

Ọkọ mi ní, "Ó ń bá ẹ yodì."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Tẹ́lẹ̀, iwájú wa ló ti máa ń dákẹ́. Ní báyìí, yàrá kejì ló ti ń dákẹ́."

Kó tó bá mi sọ̀rọ̀, mo jìyà. Mo se oúnjẹ tó fẹ́ràn, ó jẹ ẹ́, ó fọ abọ́. Mo ṣàwàdà, àwàdà náà jábọ́ sílẹ̀ láàárín wa. Ọ̀sán kan, mò ń ká aṣọ ìtẹ́sùn ńlá kan nìkan, ó ń wọ́ nílẹ̀. Adákẹ́ wọlé, ó di etí kejì mú. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀: ẹ ó nà án, ẹ ó sì rìn wá bá ara yín. Nígbà tí ó rìn dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní:

"Mọ́mì, ṣé irú ọmọ tí ẹ fẹ́ nìyẹn? Èyí tó ń kọrin, tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé ayé kì í gbọ́ ẹni tó bá dákẹ́."

"Wọ́n ti gbọ́ mi kí ẹ tó gbé fóònù. Máàkì mi ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi pè."

A tún aṣọ náà nà. Nígbà tí a tún pàdé, mo sọ èyí tó kù, torí ó yẹ kó gbọ́ ọ: "Lẹ́yìn ìpè àkọ́kọ́, kì í ṣe torí ẹ nìkan mọ́. Ó ń dùn mọ́ mi. Obìnrin náà bi mí ní ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe."

"Kí lẹ sọ?"

"Agbẹjọ́rò."

Ó gba etí aṣọ lọ́wọ́ mi, ó pa á pọ̀, ó tẹ́ ẹ lórí àwọn yòókù. "Ẹ ò bá gbìyànjú," ló wí. Láti ọjọ́ náà, ó padà wá ń dákẹ́ nínú yàrá tí a wà.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí mo rí kọ́ nìyí, mo sì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́: ọmọ yín tó mọ̀wé, ẹ bá a wá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń wá irú rẹ̀, wọ́n wà. Ẹ bá a wọkọ̀, ẹ bá a lọ aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dáhùn fúnra rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ náà pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, òun nìkan ló lọ. Lẹ́yìn náà, a ò gbọ́ nǹkan kan. Títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí fóònù mi dún, tí mo rí nọ́ńbà kọ́lẹ́ẹ̀jì orí òkè lójú rẹ̀.

Ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi dé ìgúnpá. Mi ò dáhùn ìpè náà. Mo di fóònù náà mú bí ẹyin, mo sá jáde, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Má gé o, jọ̀ọ́ má gé," àwọn aládùúgbò ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Adákẹ́ wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, tó ń kun ilé kan ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Mo ju fóònù sí i lọ́wọ́.

Ó gbé e. Ó fetí sílẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó tún fetí sílẹ̀, ó pẹ́. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ọ̀dà ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Adákẹ́ ní, "Ẹ ṣeun gan-an, mà," ó sì gé e.

Ó wá ń nu ọṣẹ kúrò lójú fóònù, díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń fi jẹ mí níyà ni, mo sì gbà pé ó tọ́ sí mi.

Bàbá rẹ̀ ni kò lè fara dà á. "Ọmọ yìí, sọ̀rọ̀!"

"Wọ́n pín in. Ìdajì fún mi, ìdajì fún ọmọkùnrin yẹn. Bí máàkì mi bá dúró lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n á yọ ìyókù."

Ọkọ mi hó. Mo fẹ́ hó, ẹkún ló jáde. Mo di Adákẹ́ mọ́ra pẹ̀lú gbogbo ọṣẹ tó wà lára mi, ó sì jẹ́ kí n di òun mọ́ra.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín pẹ́. Kí ni wọ́n tún sọ?"

"Wọ́n kọ́kọ́ bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé èmi ni, pé kì í ṣe ẹ̀yin."

"Áà! Kí lo wá sọ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. Mo dákẹ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ọṣẹ lójú mi. "Wọ́n ní, 'Ó dáa. Ìwọ ni.'"